Gbogbo ara mi ti rù, ikùn nìkan ló kọ̀ tí kò lọ

ÌYÁ ỌLỌ́MỌ MẸ́TA (Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti sú mi. Ẹni ọdún 44 ni mí, ọmọ mẹ́ta ni mo bí, àbíkẹ́yìn ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni mo ti ń ṣe sit-up, igba lójúmọ́: ọgọ́rùn-ún láàárọ̀, ọgọ́rùn-ún kí n tó sùn. Mo ń fi ìgbàjá onírọ́bà fún ikùn lọ síbi iṣẹ́. Oúnjẹ alẹ́, mo ti yọwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Kí ni mo rí? Ojú mi ti gbẹ, apá mi ti rù, egungun ọrùn ti yọ débi pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bi mí bóyá ara mi kò yá. Ikùn yìí ńkọ́? Ó jókòó síbẹ̀ bí àlejò tó ti tú ẹrù. Bí mo bá ró ìró, kì í tó wákàtí kan tó fi ń tú.

Kí ló dé tí ọ̀rá ń kúrò níbi tí mi ò rán an, tó wá rọ̀ mọ́ ibi tí mo fẹ́ kó ti lọ? Ǹjẹ́ eré ìdárayá kan wà tó jẹ́ ti ikùn nìkan?

ARÁNṢỌ ÒṢOGBO

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ó di ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti ń ránṣọ, gbogbo ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí ló ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín tán ni mo lọ ṣí ọ̀kan. Oníbàárà mi kan wà tí dókítà sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ẹnu. Ohun tó wà nínú ìwé mi nìyí: àyà ínṣì 44, ikùn 42, ìdí 47. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, àyà 42, ìdí 46, apá bùbá ti tú lára rẹ̀, ikùn ṣì jẹ́ 42 bó ṣe wà. Orí àga ṣọ́ọ̀bù mi ló ti sunkún lọ́jọ́ náà. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, ikùn ti já sí 38. Kò yí ohunkóhun padà o; bó ṣe ń jẹun ní oṣù kìíní náà ló ṣe ń jẹ ẹ́ ní ìkarùn-ún.

Mo tún ní òmíràn tí ikùn rẹ̀ kọ́kọ́ lọ, tí itan rẹ̀ kò mira fún odidi ọdún kan. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta kan sì wà tí mò ń ránṣọ fún pẹ̀lú ìyá wọn: ibi tí ọ̀rá ń pọ̀ sí lára ìyá náà ló ń pọ̀ sí lára àwọn ọmọ. Ara kálukú ní ibi tó ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti téèpù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wọn ibi tí wọ́n ń so ìró mọ́, ibẹ̀ kọ́. Ẹ fọwọ́ wá ibi tí egungun ìhà parí sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wá ibi tí egungun ìbàdí ti bẹ̀rẹ̀. Àárín méjèèjì ni kí téèpù gbà kọjá. Ẹ dúró ṣánṣán, ẹ mí síta, ẹ má fa ikùn wọlé, ẹ má sì fún téèpù mọ́ra. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó tún wọ̀n ọ́n. Àwọn ìyá wa tí kò ní téèpù, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ni wọ́n fi ń mọ̀.

OLÙKỌ́ ERÉ ÌDÁRAYÁ (Abẹ́òkúta)

Ẹ káàsán mà. Iṣan ikùn yín á ti le gan-an, torí igba sit-up kì í ṣe ohun kékeré. Àmọ́ ọ̀rá ló bo iṣan náà mọ́lẹ̀, iṣan kì í sì í jẹ ọ̀rá tó wà lórí rẹ̀. Bí ara bá nílò agbára, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí ọ̀rá wà, inú ẹ̀jẹ̀ náà ni ọ̀rá ń gbà dé ọ̀dọ̀ iṣan. Owó tí ẹ ná ní Dùgbẹ̀, kò pọn dandan kó jẹ́ báńkì Dùgbẹ̀ lẹ ti gbà á.

Wọ́n ti dán an wò. Lọ́dún 1971, àwọn oníṣègùn kan ní California wọn ọwọ́ àwọn tó ń gbá tẹ́níìsì, àwọn tó ti ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbá a fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbá a tóbi ju èkejì lọ nítorí iṣan, ṣùgbọ́n ọ̀rá abẹ́ awọ ọwọ́ méjèèjì kò yàtọ̀. Lọ́dún 1984, àwọn ọkùnrin kan ṣe sit-up fún ọjọ́ 27, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5,004. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa ọ̀rá díẹ̀ ní ikùn wọn, ní ìdí àti ní ẹ̀yìn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò: bí ìtóbi àwọn sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ṣe dínkù ní ikùn náà ló ṣe dínkù níbi méjì tó kù. Igba tiyín lójúmọ́, ní ọjọ́ 27, jẹ́ 5,400. Ẹ ti ṣe ju tiwọn lọ mà, ẹ̀bi yín kọ́.

Ìgbàjá onírọ́bà yẹn, òógùn ló ń mú jáde, òógùn kì í sì í ṣe ọ̀rá. Àwọn olùwádìí méjì ní Ọsirélíà ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2014: bí kílò 10 ọ̀rá bá jó tán nínú ara, kílò 8.4 ń bá èémí jáde, 1.6 tó kù ló ń di omi. Imú la fi ń rù. Ìgbàjá kàn ń dí yín lọ́wọ́ láti mí dáadáa ni.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni apá yín. Ẹ má rò pé ọ̀rá nìkan ló lọ níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ebi pa ara rẹ̀, tí kò gbé nǹkan wúwo, tí kò jẹ ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja tó, ara rẹ̀ á máa tú iṣan jẹ mọ́ ọ̀rá. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi ń rù lójú, tí ikùn sì dúró. Ẹ fi sit-up sílẹ̀ ná. Lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ jókòó sórí àga kí ẹ dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan, ìgbà mẹ́wàá, ẹ sinmi, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá rọrùn, ẹ gbé àga kúrò, kí ẹ máa lóṣòó. Ẹ ṣe push-up lára ògiri. Ẹ rọ omi kún kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún méjì, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ fà wọ́n sókè sí ẹ̀gbẹ́ ìhà, ẹ sọ wọ́n kalẹ̀. Kílò márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò kéré. Ní ti rírìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ìrìn tó máa jẹ́ kí èémí ròkè díẹ̀. Àwọn òkè Ìbàdàn yẹn dára ju ẹ̀rọ jíìmù lọ.

SISÍ AKÚRẸ́

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ tíì kan tó ń fa ikùn wọlé. Mo mu ún, kílò mẹ́ta lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè júwe ibi tí mo ti rà á.

NỌ́Ọ̀SÌ ÌLỌRIN

Àbúrò mi, ẹ má bínú, mo fẹ́ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Bí tíì yẹn bá ń lé yín lọ sí ilé ìyàgbẹ́, ewé senna ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ìgbẹ́ àti omi ara ni kílò mẹ́ta yẹn, yóò padà bí ẹ bá ti jẹun tí ẹ mu omi. Ọ̀rá kò gba ọ̀nà ìfun jáde. Bí ènìyàn bá ń mu ún fún oṣù pípẹ́, iyọ̀ ara tí ọkàn nílò láti máa lù déédéé á máa bá ìgbẹ́ lọ, ìfun á sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́ láìsí i. Mo ti tọ́jú ẹni tó dákú nítorí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má júwe rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá sí ọ̀dọ̀ mi, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta. Oríṣi méjì ni ọ̀rá ikùn. Èyí tí ẹ lè fi ìka méjì mú, abẹ́ awọ ló wà. Èkejì wà nínú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn iṣan, ó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká, ọwọ́ kò lè tó o. Ti inú yìí ló ń bá àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọkàn rìn. Òun náà ló sì máa ń tètè gbọ́ràn sí ìrìn àti eré ìdárayá; ó lè ti máa dínkù nígbà tí ìwọ̀n kílò kò tíì sún rárá. Ti abẹ́ awọ ló ń lọ́ra.

Ìdí tó fi ń lọ́ra ni pé ilé tí ọ̀rá ń gbé ní ìlẹ̀kùn. Nígbà tí ara bá ránṣẹ́ pé kí ọ̀rá jáde, àwọn ìlẹ̀kùn kan á ṣí, àwọn kan á sì tì. Ọ̀rá ìdí àti itan obìnrin ní èyí tó ń tì púpọ̀, ti ìsàlẹ̀ ikùn náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí i. Ẹlẹ́dàá kò ṣe é lásán: nígbà tí obìnrin ṣì ń bímọ, hómóònù estrogen ló ń kó ọ̀rá lọ sí ìbàdí, fún ìgbà oyún àti ìgbà ọmú. Bí nǹkan oṣù bá ti ń súnmọ́ àtidúró, estrogen á dínkù, ọ̀rá tuntun á wá máa ya sí ikùn. Ní ọdún 44, ó ṣeé ṣe kí tiyín ti bẹ̀rẹ̀.

Àlà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sílẹ̀ nìyí: fún obìnrin, bí ikùn bá ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 80, ìyẹn ínṣì 31 àbọ̀, ewu ti bẹ̀rẹ̀, bó bá kọjá 88, tó jẹ́ nǹkan bí ínṣì 35, ewu ti pọ̀. Fún ọkùnrin, 94 àti 102, ínṣì 37 àti 40.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá ọ̀rá lẹ́bi, ẹ bá mi yẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí wò. Ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún, ẹ gbé orí sókè díẹ̀, ẹ fi ìka tẹ òkè àti ìsàlẹ̀ ìdodo. Bí ìka méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá rì sáàárín, iṣan ikùn tó là nígbà oyún ni kò tíì padà pọ̀. Púpọ̀ nínú ikùn tí wọ́n ń pè ní ọ̀rá lẹ́yìn ìbímọ, èyí ni. Sit-up lè mú kó yọ síta sí i. Ẹni tó mọ̀ nípa ìtọ́jú iṣan ní ilé ìwòsàn ló yẹ kó kọ́ yín ní ohun tí ẹ máa ṣe. Ìkejì: bí apá bá ń rù tí ikùn ń pọ̀ tàbí tó ń le, ẹ lọ ya àwòrán inú. Fàíbúrọ́ọ̀dì lè wà níbẹ̀, omi lè wà níbẹ̀, a kì í fi eré ìdárayá wo ìyẹn. Ìkẹta, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi: ìpara wo lẹ ń lò, oògùn wo sì lẹ ń lò? Ọ̀pọ̀ ìpara abóra àti oògùn tí wọ́n ń tà pé ó ń múni sanra ló ní steroid nínú, ìyẹn oògùn alágbára tó jọ ohun tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀. Ó máa ń kó ọ̀rá lọ sí ikùn, ojú àti ẹ̀yìn ọrùn, á sì jẹ ẹran ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

SISÍ AKÚRẸ́

Ẹ ṣeun mà. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bóyá ó máa ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Lọ́dún tó kọjá, mo ra oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan kí n lè ní ìdí. Oríṣi méjì ni wọ́n pò pọ̀ nínú àpò náílọ́ọ̀nù kan, kò sí orúkọ lára rẹ̀. Ìdí kò wá. Ojú mi ló yọ roboto, ikùn mi yọ, ìlà pupa sì hù sí itan mi. Nítorí ikùn yẹn gan-an ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ tíì. Oògùn náà ṣì wà nílé, mo ṣì ń lò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé kí n dà á nù lónìí?

NỌ́Ọ̀SÌ ÌLỌRIN

Ọmọ mi, o kú akíkanjú. Má tíì dá a dúró lójijì. Bí steroid bá ti pẹ́ nínú ara, ara á gbàgbé bí òun ṣe ń ṣe tirẹ̀, ẹni tó bá já a lẹ́ẹ̀kan náà lè ṣubú lulẹ̀. Kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò, gbé e lọ bá dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba lọ́la òde yìí, sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí o ṣe sọ ọ́ fún wa. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa ń fà á sílẹ̀. Tíì ní tirẹ̀, dà á nù lónìí. Mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ níkọ̀kọ̀, jọ̀wọ́ dá mi lóhùn.

BÀBÁ ÌBEJÌ (Ìkòròdú)

Ẹ jẹ́ kí n gba ẹnu àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀. Tèmi kì í ṣe èyí tó rọ̀. Ó le bí ìlù, mo sì rò pé agbára ni. Dókítà ló ṣàlàyé pé nígbà tí ọ̀rá bá pọ̀ lẹ́yìn iṣan, òun ló ń ti iṣan síta. Ṣúgà mi ti ń lọ sókè nígbà yẹn, ikùn mi sì jẹ́ ínṣì 46.

Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aago márùn-ún àárọ̀ ni mò ń jáde, aago mẹ́wàá alẹ́ ni mò ń wọlé, ẹ̀bà ló sì ń dúró dè mí. Ebi gosiló ni mo fi ń jẹ ẹ́, ìlọ́po méjì ohun tí mo nílò. Ìyàwó mi ló dábàá kúlà oúnjẹ: mọ́ínmọ́ín méjì, ẹ̀fọ́, ẹja. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mò ń jẹ ẹ́ nídìí iṣẹ́. Bí mo bá délé, omi àti ọsàn. Kì í ṣe aago ló ń múni sanra o. Ẹni tí kò bá fi ebi wọlé kì í bu oúnjẹ jù ni. Bíà ìgò mẹ́ta ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, mo sọ ọ́ di ẹyọ kan. Mo sì ń sọ̀kalẹ̀ ní oríta, mo ń rin ìṣẹ́jú 35 délé dípò kẹ̀kẹ́ Márúwá. Oṣù méje: kílò mẹ́fà péré ló lọ, ṣùgbọ́n ikùn ti di 41, ṣúgà ti padà sí bó ṣe yẹ. Bó bá jẹ́ ìwọ̀n kílò nìkan ni mo ń wò, mi ò bá ti jáwọ́.

ALÁSÈ ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́

Òróró ni kí ẹ bá mi wò. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń ti inú kẹ́ẹ̀gì da òróró sí ìkòkò, ojú ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ kan, fún ọbẹ̀ ilé tèmi, mo kọ́kọ́ ń dà á sínú ṣíbí ìjẹun ńlá kí n tó dà á sínú ìkòkò, mo ń kà á. Nígbà tí ojú mi fi máa sọ pé ó tó, ṣíbí mẹ́rìnlá ni. Ṣíbí kan jẹ́ nǹkan bíi kálórì 120. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní 1,600 kí n tó fi ata sí i, ènìyàn mẹ́rin péré ló sì ń jẹ ọbẹ̀ náà. Báyìí, mo máa ń gbé ata kaná fúnra rẹ̀ kí omi rẹ̀ gbẹ dáadáa, ìgbà yẹn ni mo tó fi òróró ṣíbí márùn-ún sí i. Ata tó ti gbẹ kì í mu òróró púpọ̀, kò sì ní kan. Àwọn ọmọ mi kò mọ̀ pé nǹkan kan yí padà.

Ìyá wa ní Ìbàdàn, ẹ padà jẹ oúnjẹ alẹ́ yín. Òkèlè kì í ṣe ọ̀tá, ìwọ̀n rẹ̀ ni ká mọ̀. Gàrí gbígbẹ gíráàmù 100 ní nǹkan bíi kálórì 350, ọ̀pọ̀ wa ń te gíráàmù 200 sínú omi gbígbóná láìmọ̀. Ẹ mú ife kan, ife kan náà lójoojúmọ́. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja kí ẹ tó fọwọ́ kan òkèlè. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja òkú Èkó, ẹ má fi ṣọ̀wọ́n. Ẹlẹ́rìndòdò sì wà níbẹ̀: bí ara ike bá sọ pé gíráàmù ṣúgà 10 ló wà nínú mílílítà 100, ike 50cl jẹ́ gíráàmù 50, nǹkan bíi hóró ṣúgà méjìlá. Kò ní yó yín.

ỌMỌ ÌJẸ̀BÚ NÍ PECKHAM

Ẹ kú àjọsọ o. Ẹni ọdún 53 ni mí, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó lóru ni mò ń ṣe níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Nǹkan oṣù mi dúró ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ohun tí nọ́ọ̀sì wa sọ gan-an ló ṣẹlẹ̀: ìdí mi fẹ́lẹ́, ikùn mi jáde. Kì í ṣe ohun tuntun o. Láti 1947 ni dókítà kan ní Marseille, Jean Vague, ti kọ ọ́ pé ọ̀rá òkè ara, bíi ti ọkùnrin, ló ń bá àtọ̀gbẹ rìn ju ti ìbàdí lọ. Níbí, wọ́n ń sọ fún wa pé kí ìwọ̀n ikùn má tó ìdajì gíga ara. Ẹni tó bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 164, kí ikùn má dé 82. Okùn kan tó: ẹ fi wọn gíga yín, ẹ ká a sí méjì, ẹ wò ó bóyá yóò yí ikùn ká.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà ni oorun. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo bá ṣe iṣẹ́ òru mẹ́rin, ebi ṣúgà ni ó ń pa mí, bísíkíìtì ni ọwọ́ mi ń wá. Nígbà tí mo bẹ ọ̀gá mi kó dín òru mi kù sí méjì, tí mo sì fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, ìjẹkújẹ yẹn fúnra rẹ̀ rọlẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé àìníkòóra-ẹni-níjàánu ni.

ÌYÁ ỌLỌ́MỌ MẸ́TA (Ìbàdàn)

Ẹ kú àtìlẹ́yìn, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ti kọjá, mo ní kí n jábọ̀. Ìka méjì àbọ̀ ló rì sí ikùn mi lọ́jọ́ tí mo dán an wò. Àwòrán inú kò fi nǹkan kan hàn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ìpara mi kò sì ní steroid. Wọ́n kọ́ mi ní bí màá ṣe máa mí tí màá sì máa fa ìsàlẹ̀ ikùn wọlé díẹ̀díẹ̀. Ó dà bí ohun tí kò lágbára, àmọ́ ìka kan àbọ̀ ló ń rì báyìí. Mo ju ìgbàjá nù. Mò ń gbé kẹ́ẹ̀gì, mò ń gun òkè Màpó lọ́jọ́ Sátidé, mo ti padà sídìí oúnjẹ alẹ́.

Ínṣì 39 àbọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀, 37 ni mo wà. Ó ṣì jìnnà sí 35 tí nọ́ọ̀sì dárúkọ. Kílò méjì péré ló lọ, apá mi sì ti ń kún padà. Kò sẹ́ni tó tún bi mí bóyá ara mi kò yá. Ìró mi dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé ìparí.

Sisí Akúrẹ́, ọkàn mi wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká gbúròó yín.

Aránṣọ Òṣogbo, ìbéèrè kan kù: aṣọ léèsì tí mo rán lọ́dún tó kọjá ti tú lára mi. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gé e wọlé?

ARÁNṢỌ ÒṢOGBO

Ẹ̀gbọ́n mi! Ínṣì méjì àbọ̀! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì kàn án o. Ẹ ní kí wọ́n rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọlé, kí wọ́n fi àlékún rẹ̀ sílẹ̀ nínú, torí ẹ ṣì ń bọ̀ wálẹ̀. Nígbà tí ìwọ̀n bá dúró sójú kan fún oṣù mẹ́ta, a lè wá gé e. Ẹ ya àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n wo bí síìpù ṣe jókòó.